Ìṣípò akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀fà sí Yunifásítì Ìlọrin

Ìṣípò akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀fà sí Yunifásítì Ìlọrin ni ìgbésẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, Nàìjíríà, ń gbé láti kúrò níbẹ̀, kí ó sì lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà fún un. Àkọ́kọ́ ni ìṣípò láti yunifásítì kan sí òmíràn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí transfer. Èkejì ni ìwọlé tààrà, tí wọ́n mọ̀ sí Direct Entry tàbí DE. Ẹ̀kẹta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ìdánwò UTME ṣe, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ipele 100.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó lo ọdún kan ní yunifásítì lè béèrè fún ìṣípò sí ipele 200 ní yunifásítì mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kò ní irú àǹfààní yìí: ìwé-ẹ̀rí ND, tí a ń fi ọdún méjì gbà, ni ó lè fi wọlé tààrà, ND I nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ ìyàtọ̀ yìí títí wọn yóò fi parí ọdún àkọ́kọ́ wọn.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn

Ọ̀fà wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwárà, lójú irin rélùwéè tí ó ti Èkó lọ sí Kánò. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 50 sí Ìlọrin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú náà ti fọwọ́ gidi mú ẹ̀kọ́ ìwé: ọdún 1943 ni wọ́n dá Offa Grammar School sílẹ̀. Láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà níbẹ̀ lónìí, méjì ni ọ̀rọ̀ ìṣípò sí yunifásítì kàn jùlọ.

Àkọ́kọ́ ni Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìjọba Àpapọ̀, Ọ̀fà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1992. ND àti HND ni ó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àjọ NBTE ni ó sì ń bójú tó ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èkejì ni Summit University, yunifásítì aládàáni tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen dá sílẹ̀, tí ó gba ìwé-àṣẹ ní ọdún 2015. Oyè yunifásítì ni ó ń fúnni, abẹ́ àbójútó àjọ NUC ni ó sì wà.

Nítorí pé abẹ́ àjọ kan náà ni Summit University àti Yunifásítì Ìlọrin wà, ẹ̀kọ́ ipele 100 ní ọ̀kan bá ẹ̀kọ́ ipele 100 ní èkejì mu. Ẹ̀kọ́ ND kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà mìíràn ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó sì tẹnu mọ́ jù. Ìdí nìyí tí àwọn yunifásítì fi ń ka ND sí ìwé-ẹ̀rí tí a fi ń wọlé, tí wọn kì í sì í ka ọdún kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sí ọdún yunifásítì.

Yunifásítì Ìlọrin fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1976, ó gba akẹ́kọ̀ọ́ 200 àkọ́kọ́ wọlé, ó sì di yunifásítì olómìnira ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń wá Yunifásítì Ìlọrin

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àkọsílẹ̀ àjọ JAMB ti ń fi Yunifásítì Ìlọrin hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn yunifásítì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yàn jùlọ ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó ń wá a pọ̀ ju àwọn tí ó lè gbà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìdí mẹ́ta ni ó hàn gbangba.

Èkíní ni pé ètò ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í sábà yẹ̀. Ní ọdún 2001, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, àwọn aláṣẹ yunifásítì náà lé olùkọ́ 49 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí ó dá àwọn olùkọ́ náà láre ní ọdún 2009. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìlénílọ náà, yunifásítì náà kì í dara pọ̀ mọ́ ìyanṣẹ́lódì tí ó ń ti àwọn yunifásítì yòókù pa. Àwọn òbí rí i pé ọmọ tí ó bá wọlé fún ọdún mẹ́rin ń fi ọdún mẹ́rin jáde. Òkìkí yìí kò parẹ́ kódà lẹ́yìn tí yunifásítì náà padà sínú ìyanṣẹ́lódì àpapọ̀.

Ìdí kejì ni owó. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń san owó ìforúkọsílẹ̀, owó ibùgbé àti àwọn owó mìíràn. Yunifásítì aládàáni kò rí owó gbà lọ́wọ́ ìjọba, owó akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi ń ṣiṣẹ́.

Ìdí kẹta ni ipò ìlú. Ìlànà ìgbaniwọlé ìjọba àpapọ̀ pín ààyè sí mẹ́ta: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jùlọ, ìdá 35 fún àwọn tí wọ́n wá láti agbègbè tí yunifásítì náà wà, àti ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Kwárà wà lára agbègbè Yunifásítì Ìlọrin, ó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìdá 20 náà wà fún. Ọmọ bíbí Ọ̀fà lè jàǹfààní èyí. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú tí ó ti ń kàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti Èkó tàbí Ògùn kò di ará Kwárà nítorí pé ó kàwé ní Ọ̀fà.

Ìtàn ìwọlé tààrà ní Nàìjíríà

Ní àwọn ọdún lẹ́yìn tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń lo ọdún méjì sí i fún ìwé-ẹ̀rí HSC kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń lò níbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. Nígbà náà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba lẹ́tà ìgbaniwọlé láti yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì yan èyí tí ó wù ú, kí ààyè tí ó kọ̀ sílẹ̀ sì ṣòfò.

Láti yanjú èyí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978. Láti ìgbà náà, ìdánwò kan ṣoṣo ni ó di ọ̀nà gbòógì sí yunifásítì, a sì ń pe ti àwọn tí ó ní HSC àti àwọn ìwé-ẹ̀rí mìíràn ní ìwọlé tààrà, nítorí pé wọn kì í ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, HSC di ohun àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama, oyè ọdún mẹ́ta sì di ọdún mẹ́rin. Ìwọlé tààrà kò parẹ́. Àwọn ìwé-ẹ̀rí mìíràn ni ó gba ipò HSC: ND láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, NCE láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí, àti JUPEB tí àwọn yunifásítì kan, tí Yunifásítì Èkó ṣíwájú, dá sílẹ̀ ní ọdún 2014.

Ní ọdún 2017, JAMB gbé ètò CAPS jáde, níbi tí ìgbaniwọlé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ń wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ń darí àjọ náà nígbà yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tí ó ti jẹ́ gíwá Yunifásítì Ìlọrin láti ọdún 2007 sí 2012. Láti ìgbà tí CAPS ti dé, lẹ́tà ìgbaniwọlé tí kò bá sí lórí ètò náà kò ní agbára.

Ọ̀nà kìíní: ìṣípò láti yunifásítì sí yunifásítì

Ọ̀nà yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ Summit University, kò sí fún akẹ́kọ̀ọ́ gbogboǹṣe. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàárín wọn:

1. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti parí ó kéré tán ọdún ẹ̀kọ́ kan, kí àbájáde sẹ̀mẹ́sítà méjèèjì sì ti jáde.
2. CGPA rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára. Òdiwọ̀n márùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń lò: 4.50 sí 5.00 ni ipò kìíní, 3.50 sí 4.49 sì ni ìpín òkè nínú ipò kejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì tí ọ̀pọ̀ ń dù gbọ́dọ̀ máa lépa ọ̀kan nínú ìpele méjèèjì yìí, nítorí pé máàkì tí ó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ kì í tó nígbà tí àwọn olùbéèrè bá pọ̀.
3. Kírẹ́dítì márùn-ún tí ó ní nínú WAEC tàbí NECO, àti àwọn iṣẹ́ tí ó yàn nínú UTME, gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tuntun náà ń béèrè mu.
4. Ìwé àkọsílẹ̀ máàkì, tí a ń pè ní transcript, gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ yunifásítì àtijọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ yunifásítì tuntun ní tààrà. Ẹ̀dà tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ mú dání kì í rọ́pò rẹ̀.
5. JAMB gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìṣípò náà, kí ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà ìgbaniwọlé tuntun.

Ààyè gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú. NUC ni ó ń pinnu iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. Bí ipele 200 ẹ̀ka kan bá ti kún, kò sí CGPA tí ó lè ṣí i. Àwọn ẹ̀ka bíi ìmọ̀ ìṣègùn ni ó sábà máa ń kún jù. Ipele 200 ni ìṣípò sì ti rọrùn jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń há sí i, nítorí pé yunifásítì kì í fẹ́ fún ẹni tí kò pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oyè.

Ètò ẹ̀kọ́ CCMAS, tí NUC mú bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, ti mú nǹkan rọrùn díẹ̀. Nínú ètò yìí, NUC ni ó ṣe ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kọ́, yunifásítì sì ń fi ìdá 30 kún un. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ipele 100 ni ó jọra láti yunifásítì kan sí òmíràn. Inú ìdá 30 yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣí wá ti lè bá ẹ̀kọ́ tí kò ṣe pàdé, tí yóò sì padà lọ ṣe é pẹ̀lú àwọn tí ó wà ní ipele 100.

Ọ̀nà kejì: ìwọlé tààrà pẹ̀lú ND

Ọ̀nà yìí ni ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìjọba Àpapọ̀, Ọ̀fà. Ọdún méjì, èyí tí ó jẹ́ sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin, ni ND. Lẹ́yìn ND I, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́rin tí a mọ̀ sí SIWES kí ó tó wọ ND II.

Òdiwọ̀n mẹ́rin ni ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ń lò, kì í ṣe márùn-ún: 3.50 sí 4.00 ni Distinction, 3.00 sí 3.49 ni Upper Credit, 2.50 sí 2.99 ni Lower Credit, 2.00 sí 2.49 sì ni Pass. Fún ìwọlé tààrà sí àwọn yunifásítì tí ọ̀pọ̀ ń dù, Upper Credit ni ẹ̀ka púpọ̀ ń béèrè, ó kéré tán. Ibi yìí ni ọdún àkọ́kọ́ ti ṣe pàtàkì. Nítorí pé àròpọ̀ sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin ni CGPA ND, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó parí ND I pẹ̀lú 2.40 gbọ́dọ̀ ní 3.60 ní ND II, bí iye ẹ̀kọ́ ọdún méjèèjì bá dọ́gba, kí àròpọ̀ rẹ̀ tó lè jẹ́ 3.00.

Ẹni tí ó bá yege ń wọ ipele 200. Ṣùgbọ́n ND gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ní yunifásítì tan, kírẹ́dítì WAEC tàbí NECO rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kírẹ́dítì nínú Físíìsì kò lè wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí ND rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ Distinction. Àwọn ẹ̀ka kan, bíi ìmọ̀ ìṣègùn, kì í sábà gba ND rárá. Ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà lórí ojúewé IBASS tí JAMB ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni láti wò ó.

Ní ọdún 2023, JAMB kéde pé àwọn ọ́fíìsì òun nìkan ni ìforúkọsílẹ̀ DE yóò ti máa wáyé, kì í ṣe ní àwọn ilé kọ̀ǹpútà aládàáni mọ́, nítorí àwọn tí ń fi ayédèrú ìwé-ẹ̀rí wọlé. Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fúnni ní in ti di ara ìgbésẹ̀ tí a kò lè fò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ bá pẹ́ kí ó tó dáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta: títún UTME ṣe

Ẹnikẹ́ni lè gba ọ̀nà yìí. Iṣẹ́ mẹ́rin ni UTME: Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní ìbéèrè 60, àti mẹ́ta mìíràn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè 40. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 400, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é ní gbogbo orílẹ̀-èdè láti ọdún 2015. Ẹni tí ó bá yege ń bẹ̀rẹ̀ láti ipele 100, bí ẹni tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí.

Òfin kò fàyè gba kí akẹ́kọ̀ọ́ di ipò mú ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá gba ipò tuntun gbọ́dọ̀ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́.

Ìṣirò ọdún

Bí a bá mú ẹ̀kọ́ tí a ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ ní yunifásítì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe rí nìyí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti parí ọdún kan ní Ọ̀fà:

- Ìṣípò láti Summit University: ọdún 1 àti ọdún 3, àpapọ̀ ọdún 4, bí wọ́n bá gba gbogbo ẹ̀kọ́ ipele 100 rẹ̀.
- Fífi ND I sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú UTME: ọdún 1 àti ọdún 4, àpapọ̀ ọdún 5, láìka àkókò ìdúró.
- Píparí ND, kí a tó wọlé tààrà: ọdún 2 àti ọdún 3, àpapọ̀ ọdún 5, láìka àkókò ìdúró.
- Dídúró ní gbogboǹṣe títí dé HND: ND ọdún 2, ìkọ́ṣẹ́ ọdún 1, HND ọdún 2, àpapọ̀ ọdún 5.

Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ti ọdún márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ẹ̀rọ ti jẹ́, ìwọlé tààrà di ọdún 6. Àkókò ìdúró sì ń fi ọdún kan kún ún nígbà púpọ̀, nítorí pé àbájáde ND kì í sábà bá àkókò tí JAMB ń ta fọ́ọ̀mù ṣe déédéé.

Ohun tí ìṣirò yìí fi hàn ni pé fífi ND I sílẹ̀ àti píparí ND gba iye ọdún kan náà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ẹni tí ó parí ND ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ bí yunifásítì kò bá gbà á, ó lè fi wá iṣẹ́, ó sì lè fi wọ HND. Ẹni tí ó fi ND I sílẹ̀ kò ní nǹkan kan tí yóò fi hàn fún ọdún náà. Síbẹ̀, fún ẹni tí ND rẹ̀ kò bá ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ́ tan, bí ẹni tí ń kọ́ ìṣirò owó ní gbogboǹṣe ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ di oníṣègùn, UTME nìkan ni ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún un, kò sì sí àǹfààní nínú dídúró pẹ́.

Owó àti ìsìnlú

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbé àjọ NELFUND ró di ìmúṣẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ẹ̀yáwó náà wà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ gbogboǹṣe Ọ̀fà àti ti Yunifásítì Ìlọrin lè béèrè fún un, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì aládàáni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìdílé tí apá wọn kò ká owó ọdún kejì ní yunifásítì aládàáni mọ́, ìṣípò sí yunifásítì ìjọba lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ọmọ wọn parí ẹ̀kọ́.

Ìsìnlú NYSC, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, tún jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Àwọn tí ó ní oyè yunifásítì tàbí HND ni wọ́n ń pè, wọn kì í pe ẹni tí ó ní ND nìkan. Ẹni tí ó bá ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tí ó gboyè kò ní sìnlú mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un. Orúkọ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ JAMB kì í sì í dé ọ̀dọ̀ NYSC. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣí lọ láìsí ìfọwọ́sí JAMB lè kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kí ó tó wá mọ̀ pé òun kò lè sìnlú.

Àwọn ìdíwọ́ tí ó wọ́pọ̀

Kì í ṣe máàkì nìkan ni ó ń ba ìṣípò jẹ́. Àwọn nǹkan kéékèèké ni ó sábà máa ń fà á:

- Orúkọ tí kò bára mu. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sínú NIN, WAEC, àti ìwé ND rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ bákan náà. Ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá ni a ń kọ ní ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó yàtọ̀ sì lè dá ìforúkọsílẹ̀ dúró.
- Fífi ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ sílẹ̀ kí lẹ́tà tuntun tó dé. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kejì nítorí pé ó ń retí ìṣípò lè pàdánù ipò méjèèjì.
- Gbèsè tàbí ẹ̀kọ́ tí a kò yege. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà fi transcript ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ránṣẹ́.
- Àwọn alágbàṣe tí ń ta ààyè. Kò sí ẹni tí ó lè ta ààyè tí kò sí lórí CAPS, ẹni tí ó sì fi ayédèrú ìwé wọlé lè pàdánù oyè rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí ó ti gbà á.

Àpẹẹrẹ àwọn tí ó yí yunifásítì padà

Wọlé Ṣóyínká wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1952. Ní ọdún 1954, ó ṣí lọ sí Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gboyè nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1957. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986. Chimamanda Ngozi Adichie kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, kí ó tó lọ sí Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ṣí lọ sí Eastern Connecticut State University, níbi tí ó ti gboyè ní ọdún 2001. Barack Obama, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà, lo ọdún méjì ní Occidental College kí ó tó ṣí lọ sí Yunifásítì Columbia ní ọdún 1981.

Ní Amẹ́ríkà, ìṣípò jẹ́ ara ètò ẹ̀kọ́ gíga. Ìpínlẹ̀ California fi í sínú ètò ńlá tí ó ṣe fún ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 1960: akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, kí ó sì bọ́ sí ọdún kẹta ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà. Àwọn yunifásítì tí ọ̀pọ̀ ń dù jùlọ ni ọ̀nà ti há níbẹ̀. Yunifásítì Princeton kò gba ẹni tí ó ṣí wá fún bíi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ọdún 2018 ni ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì Harvard ń béèrè pé kí ẹni tí ó fẹ́ ṣí wá ti parí ó kéré tán ọdún kan ní ibòmíràn.

Awuyewuye

Àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan sọ pé ìwọlé tààrà ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe di ibùdókọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dúró de ọkọ̀ yunifásítì, nígbà tí ó jẹ́ pé láti kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí orílẹ̀-èdè nílò ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀wé jù ni ó ń lọ, tí àyè wọn sì ń ṣófo ní HND.

Àwọn mìíràn dáhùn pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ̀bi. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ kò bá ka HND sí ẹgbẹ́ oyè yunifásítì, tí ẹni tí ó ní HND sì ń rí òkè tí kò lè kọjá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní Upper Credit yóò máa wojú Ìlọrin. Fún ọmọ tí UTME kò ṣẹnuure fún ní ọdún tí ó jáde girama, ọdún méjì ní Ọ̀fà kì í ṣe ìfàsẹ́yìn: òun ni ẹ̀rí tí yóò fi hàn yunifásítì pé òun lè ṣe é. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì gbà ni pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ òfin yìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó wọlé, nígbà tí CGPA rẹ̀ kò tíì ní nọ́ńbà kankan, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún kan.